Yorùbá Ronú: ìgbésí ayé Hubert Ògúndé àti eré tó kó o sí wàhálà ní 1964

Bí àkókò ìdìbò bá ti ń súnmọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, gbólóhùn kúkurú kan a tún máa gba ẹnu àwọn olóṣèlú, a máa gba orí rédíò, a sì máa gba ojú Facebook àti WhatsApp kan: Yorùbá Ronú. Ẹni tó wà lórí àlééfà ń fi kìlọ̀ fún alátakò pé kí ó má ta ìran rẹ̀. Alátakò náà ń sọ ọ́ padà sí i pé òun gan-an ni ọ̀dàlẹ̀. Nígbà ìdìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó ní 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn lò ó bí igbe ogun, tí wọ́n sì ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ń gbé ìlú náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ ti fi sọ ara wọn lórúkọ. Nínú gbogbo ariwo yìí, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń rántí pé orúkọ eré orí ìtàgé ni, àti pé ìjọba tí àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ń ṣe ní Ìbàdàn ló fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré tó gbé e jáde.

Hubert Ògúndé ni ẹni tó ni eré náà. Mo gbà pé a kò lè lóye ohun tí ó sọ ní 1964 bí a kò bá mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, pàápàá jù lọ bí a kò bá mọ ibi tí owó tí ó ń ná ti ń wá. Òṣèré tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ń bọ́ kò lè gbé irú eré bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹni tó ń bọ́ ọ. Ògúndé lè gbé e kalẹ̀ nítorí pé, fún nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú àkókò náà, àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló ń bọ́ ọ, òun àti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní 1916 ni a bí i ní Òsósà, ìlú kan tó wà létí Ìjẹ̀bú-Òde. Oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ni Jeremiah Dẹ̀hìnbọ̀ Ògúndé, bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ìbílẹ̀ kò jìnnà sí ilé tí a ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ọmọ yìí gbọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gbọ́ ìlù eégún. Nígbà èwe rẹ̀ ó máa ń tẹ̀lé àwọn eégún apidán, àwọn tí a tún ń pè ní alárìnjó, tí wọ́n ń ti ìlú dé ìlú pẹ̀lú ìlù, ijó, ìdán àti eré ẹ̀fẹ̀. Ó máa ń bá wọn lùlù. Nígbà tí ó dàgbà, ó sọ fún àwọn tó wá ṣèwádìí nípa iṣẹ́ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìfẹ́ eré ti wọ òun lára. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé àwọn kan máa ń sọ pé láti inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni eré oníṣe Yorùbá ti òde òní ti jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì fún un ní ìtàgé tó kọ́kọ́ dúró lé, lóòótọ́. Àwọn alárìnjó ni wọ́n ti fi hàn án tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè fi eré ṣe iṣẹ́, kí ó máa gbé e kiri, kí ó sì máa jẹun nínú rẹ̀.

Ó kàwé ní Òsósà, ní Èkó àti ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ṣe olùkọ́ ní àwọn ọdún 1930, nígbà kan náà tí ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá Èbúté-Mẹ́ta ní 1943. Ibẹ̀ ni ó ti dara pọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà kan, The Church of the Lord, tó wà ní Òpópónà Lagos Street. Ìjọ náà ní kí ó ṣe eré orin kan fún wọn, ó sì kọ èyí tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà 1944 ni wọ́n ṣe é ní Glover Memorial Hall ní Èkó.

Irú eré orin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun ní Èkó nígbà náà. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe eré láti inú Bíbélì tipẹ́, ṣùgbọ́n ìdúró lójú kan ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: akọrin yóò wọlé, yóò kọ orin rẹ̀, yóò sì jáde. Ògúndé mú ìlù wọ inú rẹ̀, ó mú ijó wọ inú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí àwọn òṣèré máa ṣe bí ènìyàn ti ń ṣe ní ti gidi. Àwọn ará Èkó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní African Music Research Party, nígbà tí yóò sì fi di 1946 ó ti fi aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìpinnu yẹn ti tóbi tó. Iṣẹ́ ìjọba lówó oṣù nínú, ó níyì, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Èyí tó gbà dípò rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ òbí ń pè ní ti alágbe.

Àkókò tí ó jáde náà gbóná. Ní oṣù kẹfà 1945, ogun àgbáyé ti mú kí iye owó oúnjẹ gòkè, owó oṣù kò sì gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojúirin àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Michael Imoudu sì wà lára àwọn tó ṣíwájú wọn. Ìjọba amúnisìn ti ìwé ìròyìn méjì tí Nnamdi Azikiwe ń tẹ̀ jáde pa nítorí pé wọ́n gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́. Ògúndé kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣòfò. Ó ṣe eré Strike and Hunger, ó fi ìtàn ọba kan tó ń ni ará ìlú lára ṣe aṣọ fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó ní gbọ̀ngàn tí kò mọ ẹni tí ọba náà jẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbé eré wọn dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n mú Ògúndé lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ sì ní kí ó san owó ìtanràn pọ́n-ùn 125. Ìwọ̀n owó bẹ́ẹ̀ lè pa ẹgbẹ́ òṣèré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Kò pa á. Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Iva Valley, ní Ẹnúgu, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1949, Ògúndé tún ṣe eré lórí rẹ̀ ní 1950. Bread and Bullet ni ó pè é. Èyí náà kó o sí wàhálà pẹ̀lú ọlọ́pàá ní Kánò. Mo mẹ́nu kan ìṣẹ̀lẹ̀ Ẹnúgu yìí nítorí àwọn tó ń fi orúkọ Ògúndé gbé ìjà ẹ̀yà lárugẹ lónìí. Ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn awakùsà tí wọ́n pa. Ọmọ Ìjẹ̀bú yìí fi owó ara rẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ àti òmìnira ara rẹ̀ wewu láti sọ ìtàn ikú wọn fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Báwo wá ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ? Èmi rò pé ibí ni àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ ti máa ń yára kọjá jù. Ògúndé ni olówó, òun ni òǹkọ̀wé eré, òun ni adarí, òun ni olórí òṣèré, òun náà sì ni ó ń kọ orin. Ẹgbẹ́ náà ní ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ń kó aṣọ, ìlù, iná àti àwọn àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé sínú rẹ̀. Kí wọ́n tó dé ìlú kan, póstà á ti wà lára ògiri. Ní ọjọ́ eré, ọkọ̀ á yí ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa polówó. Gbọ̀ngàn ìlú, ilé ìwé, àgbàlá hòtẹ́ẹ̀lì, ibi tó bá ṣáà ti gba èrò ni wọ́n ń lò. Orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, láti gbóríyìn fún èrò àti láti sọ ohun tí eré alẹ́ náà dá lé lórí fún wọn, lẹ́yìn èyí ni eré gan-an á bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á di ẹrù, ó di ìlú mìíràn. Bí èrò kò bá wá ní alẹ́ kan, ebi ni. Bí wọ́n bá wá, epo ọkọ̀ ti dé, oúnjẹ ti dé, owó òṣèré ti dé. Kò sí ẹlòmíràn láàárín òṣèré àti ẹni tó wá wò ó.

Ìṣòro tó le jù fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ti obìnrin. Àwọn òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn gun orí ìtàgé níwájú èrò, kí wọ́n má baà pè é ní oníṣekúṣe. Ògúndé kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tí òun yóò máa sanwó oṣù fún láti ṣe eré, èyí tí ènìyàn kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Èkó. Àwọn tó wá tún ń lọ nígbà tí ọkọ bá fẹ́ wọn tàbí tí ẹbí bá bínú. Ọgbọ́n tí ó dá sí i níkẹyìn ni pé ó fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe aya, ẹgbẹ́ náà sì di agbo ilé: ìyàwó ń ṣeré, ọmọ ń ṣeré, bàbá ń ṣeré. Clementina Adéṣẹ̀wà, tí a mọ̀ sí Màmá Èkó, ni ìyàwó tó ṣíwájú nínú wọn, òun pẹ̀lú Ògúndé sì jọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1947 láti kọ́ ijó òyìnbó. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ náà ń fọn sakisofóònù níwájú èrò, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó rí wọn nígbà náà kò sì gbàgbé rẹ̀. Ènìyàn lónìí lè rí ohun tí yóò bá wí nínú ètò yìí, nítorí pé ọ̀gá iṣẹ́ àti ọkọ di ẹnì kan ṣoṣo, agbára sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹni náà. Síbẹ̀, ìran àwọn obìnrin yẹn ni ó ṣí ọ̀nà fún gbogbo obìnrin tó ń ṣe eré Yorùbá lónìí, ó sì yẹ kí a máa dárúkọ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí a fi ń dárúkọ ọkọ wọn.

Ìrìn-àjò sí Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ní ìparí àwọn ọdún 1940, kọ́ ọ pé àwọn èrò tí kò gbọ́ Yorùbá fẹ́ orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ ju ọ̀rọ̀ gígùn lọ. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí Ogunde Concert Party, ó sì ń fi orin jáàsì àti eré ìfẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìjọba ní kí ó ṣe eré kan láti ṣàjọyọ̀ ìṣọ̀kan, ó sì ṣe é. Kì í ṣe alátakò tí ń wá ìjà kiri. Ó gba iṣẹ́ ìjọba nígbà tí ó bá gbà pé ohun tí ìjọba fẹ́ kí òun sọ jẹ́ òtítọ́.

Kí a tó lè lóye 1964, ó yẹ kí a rántí bí agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ìjọba rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ti rí nígbà náà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ipò olórí ìjọba Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1959 láti lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì gba ipò náà, ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ ṣì ni aṣáájú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn méjèèjì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lórí agbára, lórí ìlànà ẹgbẹ́, àti lórí bí ó ṣe yẹ kí Yorùbá bá ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba àpapọ̀ lò. Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 1962, àwọn aṣòfin ju àga lu ara wọn ní ilé aṣòfin Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìjọba àpapọ̀ tí Abubakar Tafawa Balewa ń darí kéde òfin pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso agbègbè náà. Akíntọ́lá padà sórí oyè ní oṣù kìíní 1963. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi pé ó fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ní 1964, Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun sílẹ̀, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ. Ilé pín sí méjì, ìlú pín sí méjì, àwọn ìjọ àti ọjà pàápàá pín.

Àárín èyí ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí àwọn tó súnmọ́ Akíntọ́lá dá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àṣà fún gbogbo Yorùbá, ní kí Ògúndé wá ṣe eré fún wọn. Ó jọ pé ohun tí wọ́n ń retí ni eré ìṣọ̀kan bíi ti 1960. Ohun tí ó gbé wá ni Yorùbá Ronú. Nínú rẹ̀, ọba kan tó ń jẹ́ Fìwàjoyè ń ṣe olórí ìran Yorùbá. Igbákejì rẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fà á lé ọ̀tá lọ́wọ́, wọ́n sì tì í mọ́lé. Igbákejì gorí oyè, ó ń ni àwọn ènìyàn lára, títí tí ará ìlú fi dìde sí i, tí wọ́n pa á, tí ẹni tó wà ní ẹ̀wọ̀n sì gba òmìnira. Orin tó bá eré náà rìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ títí di òní. Ó ń dárò pé Yorùbá sọ ara rẹ̀ di bọ́ọ̀lù tí aráyé ń gbá sókè sódò.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí eré náà gbé ẹ̀bi sí. Ọ̀tá òde wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí agbára tí ọ̀tá náà ní ju èyí tí ará ilé fi lé e lọ́wọ́. Ògúndé kò ní kí ẹnikẹ́ni lé àlejò. Àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀, àwọn olóyè, àwọn mínísítà, àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ náà, ni ó ní kí wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ ara wọn. Ìdí nìyí tí ó fi dùn mí láti rí i pé àwọn tó wà lórí oyè ń lo gbólóhùn náà lónìí láti pa àwọn ọmọ Yorùbá tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́nu mọ́. Ìlò náà dojú eré náà dé pátápátá.

Inú bí Akíntọ́lá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de Ogunde Concert Party pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní agbègbè náà, ó sì wà lára àwọn ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà olómìnira kọ́kọ́ fi òfin pa òṣèré lẹ́nu mọ́. Fún ẹgbẹ́ tó ń jẹ láti ọwọ́ èrò, ìyẹn le ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́, gbogbo ìlú tí ẹgbẹ́ náà ti ń rí owó jù lọ, ti di ilẹ̀ èèwọ̀ fún wọn. Èkó nìkan ni ó kù ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n lè dúró dáadáa, nítorí pé abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó wà. Ṣùgbọ́n Èkó tí a ń sọ yìí kéré sí ti òní: Muṣin, Ikẹjà àti Agége ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn nígbà náà, nítorí náà òfin náà dé ẹnu ibodè ìlú gan-an. Ògúndé kò bẹ̀bẹ̀. Ó tún kọ eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, ó sì ń ṣe é ní ibi tí òfin kò dé.

Ìdìbò oṣù kẹwàá 1965 mú ìbò jíjí, iná àti ikú wá sí Ìwọ̀-Oòrùn, ní àkókò tí a mọ̀ sí Wẹ́tìẹ̀. Ní ọjọ́ karùndínlógún oṣù kìíní 1966, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Ní oṣù kejì, gómìnà ológun tuntun, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, mú òfin náà kúrò. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, Awólọ́wọ̀ jáde ní ẹ̀wọ̀n Kàlàbá. Nítorí pé ìparí eré náà àti ohun tó ṣẹlẹ̀ jọra tó báyìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé Ògúndé ríran. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sùn ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀, tó ń gbọ́ ohun tí àwọn awakọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn olùkọ́ ń sọ, kò nílò ìran kí ó tó mọ̀ pé ìlú fẹ́ gbaná. Akíntọ́lá, bí ó ti jẹ́ ẹni tó mọ èdè Yorùbá lò tó, kò sí níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó tẹ̀lé e pọ̀, ṣùgbọ́n a lè sọ ọ́ ní ṣókí. Àwọn oníjó Ògúndé ṣojú Nàìjíríà níbi ìpàtẹ àgbáyé Expo 67 ní Montreal, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n sì tún ṣeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1970, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Clementina, ikú rẹ̀ sì dun gbogbo àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí ẹgbẹ́ alárìnrìn-àjò mìíràn ti pọ̀, Ògúndé ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti òǹkọ̀wé eré. Lẹ́yìn náà ni ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wọ sinimá: Aiyé jáde ní 1979 pẹ̀lú Ọlá Balógun gẹ́gẹ́ bí adarí, Jáiyésinmi tẹ̀lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Nínú Aiyé, òun ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó dojú kọ àwọn àjẹ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tó wò ó nígbà náà sì bẹ̀rù láti dá nìkan sùn. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ pè é láti wá kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ, ó sì ṣe é. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1990, lẹ́yìn tí ó ti kópa nínú fíìmù òyìnbó kan, Mister Johnson, tó jáde lọ́dún kan náà. Òsósà ni wọ́n sin ín sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Ìfòfindè kò tíì tán. Ní oṣù kẹrin 2025, àjọ tó ń rí sí ètò rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, NBC, ní kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má ṣe gbé orin kan tí Eedris Abdulkareem fi bá ìjọba àpapọ̀ wí. Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ tó wà lórí oyè nígbà náà jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó yẹ kí àwọn tó ń kígbe Yorùbá Ronú, tí wọ́n sì ń gbèjà irú ìfòfindè bẹ́ẹ̀, mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń yá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò yìí wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ni ìṣòro, mo sì rò pé òun kọ́ ni ó tóbi jù. Ní ìdìbò 2015, 2019 àti 2023, a rí bí àwọn òṣèré Yorùbá ti pín sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, tí wọ́n ń kọrin níbi ìpolongo, tí wọ́n ń gbé fídíò jáde fún olùdíje. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti ní ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́. Èmi kò sì ní dá ẹni tó ń wá owó ilé ìwé ọmọ lẹ́bi, nítorí pé àwọn ajífíìmù-tà ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ìgbà tí fídíò ti dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó ìpolongo lọ́wọ́ gómìnà kò ní lè ṣe eré nípa gómìnà náà lọ́dún tó tẹ̀lé e, èrò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn tí Ògúndé ti ń ṣeré ní 1964 kún nítorí pé àwọn ènìyàn mọ̀ pé kò sí ẹni tó ra ẹnu rẹ̀.

Nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ lè yí èyí padà. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ti ṣí ìkànnì tiwọn lórí YouTube, wọ́n ń gbé fíìmù wọn sí i fúnra wọn, iye ènìyàn tó bá wò ó ni ó sì ń pinnu owó tí yóò wọlé. Alágbàtà tó ń ra fíìmù ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí wọn mọ́. Ètò yẹn ní àléébù tirẹ̀, nítorí pé òfin ilé iṣẹ́ Google ni wọ́n ń tẹ̀lé, ìtàn tó bá dẹ́rù bani tàbí tó bá mú ìjà ìyàwó àti ọkọ wá sì ni ó máa ń tètè pa owó. Síbẹ̀, ó súnmọ́ ètò Ògúndé ju ohunkóhun tó ti wà láàárín lọ: òṣèré ló ni iṣẹ́ rẹ̀, òun àti òǹwòran sì ń bá ara wọn pàdé tààrà. Èyí tó kù ni kí ẹnì kan nínú wọn ní ìgboyà láti fi ìkànnì bẹ́ẹ̀ bi àwọn tó wà lórí oyè ní ìbéèrè tó le, kí ó sì fi Yorùbá tó dán mọ́rán bi í.

Ilé Ògúndé ní Òsósà ti di ibi tí ènìyàn lè lọ wo àwọn ohun ìrántí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sapá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà àwọn fíìmù rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣú, ohùn inú wọn ń já. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ní ilé ìwé gíga, wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré oníṣe, wọ́n sì ní gbọ̀ngàn. Bí ìjọba èyíkéyìí nínú wọn bá fẹ́ràn gbólóhùn Yorùbá Ronú tó bí wọ́n ti ń sọ, kí wọ́n sanwó kí a gbé eré náà gan-an sórí ìtàgé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gómìnà jókòó ní ìlà iwájú títí tí ará ìlú inú eré náà yóò fi dìde.